Mo Dúró fún Ọkùnrin Tí Kò Mọ̀ Mí

Ọkùnrin kan lórí rédíò ló bí mi nínú láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Táíwò Road, mò ń ṣẹ́ etí híjáàbù, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ nípa ìdìbò tó ń bọ̀: àwọn tó dìbò fún ààrẹ nígbà tó kọjá, tí inú wọn ò dùn sí i mọ́, ṣé wọ́n máa tún jáde fún un? Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ ẹ̀rín náà nínú ohùn rẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fòyà. Ó ní àwọn èèyàn yẹn á bínú, wọ́n á kùn, ṣùgbọ́n tí ọjọ́ bá pé, wọ́n á padà wálé, torí pé wọn ò níbòmíràn tí wọ́n lè lọ.

Mo pa rédíò. Mo tún tan án, torí pé mo fẹ́ bú u, mi ò sì lè bú rédíò tó ti dákẹ́. A ò níbòmíràn. Ta ló sọ fún un? A nílé. A ní ẹní nínú ilé. Èèyàn lè jókòó sórí ẹní rẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ ìdìbò títí wọ́n á fi ka ìbò tán, kò sì sí ọlọ́pàá tó máa wá gbé e. Ọkùnrin yìí rò pé ẹni tí kò bá bá òun lọ, ọ̀dọ̀ ọ̀tá ló gbà lọ. Ó dájú pé kò gbé láàárín àwọn obìnrin ilé wa rí.

Èmi ni mo mú àwọn obìnrin yẹn jáde nígbà tó kọjá. Mi ò fi yangàn. Òun gan-an ló ń bí mi nínú títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Àdúgbò Basin ni mò ń gbé láti ìgbà tí ọkọ mi ti kọ́lé síbẹ̀. Ọlọ́run ti pe ọkọ mi, ilé ṣì wà. Ṣùgbọ́n agboolé bàbá mi wà nínú ìlú àtijọ́, níbi tí ògiri ilé kan ti gbé ògiri ilé kejì ró, tí ẹni tó bá sín ní yàrá òkè, ẹni tó wà ní yàrá ìsàlẹ̀ á ṣàdúà fún un. Ní gbogbo ọjọ́ Sunday, lẹ́yìn àsàláátù, mo máa ń wọ Màrúwá lọ síbẹ̀. Mo máa ń kí àwọn àgbà, mo máa ń jẹun, mo sì máa ń gbọ́ ẹjọ́, torí pé iṣẹ́ mi kejì nìyẹn. Máṣíìnì ni mo fi ń jẹun, àmọ́ alárinà ni gbogbo ilé mọ̀ mí sí.

Alárinà nílé wa kì í ṣe ẹni tó kàn ń sọ fún ọmọkùnrin pé ọmọbìnrin kan wà níbì kan. Ẹni tó bá ṣe alárinà ló dúró. Lọ́jọ́ yìgì, àwọn àgbà á bi í lójú gbogbo èèyàn pé, "Ṣé o mọ ọkùnrin yìí?" Á ní òun mọ̀ ọ́n. "Ṣé o dúró fún un?" Á ní òun dúró. Láti ọjọ́ náà lọ, tí ọkùnrin yẹn bá na ìyàwó rẹ̀, tí kò bá gbé oúnjẹ sílẹ̀, tó bá ń sùn síta, kì í ṣe ilé ọkọ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ lọ. Ilé alárinà ni. Wọ́n á tẹ́ ẹní, wọ́n á ní kó jókòó, á sì dáhùn. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé bójú bá mọjú tán, alárinà á yẹ̀bá. Nílé tiwa, kò sáyè ìyẹ̀bá.

Nítorí náà, mo máa ń ṣọ́ra. Mọ́kànlá ni yìgì tí mo ti dúró fún, kò sí ìkankan tó tú. Kí n tó dúró fún ọkùnrin, mo máa lọ sílé rẹ̀ láì sọ fún ẹnikẹ́ni pé mò ń bọ̀, lọ́jọ́ lásán, lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Mo máa wo bó ṣe ń dá ìyá rẹ̀ lóhùn. Mo máa bi ẹni tó ń fọ mọ́tò níwájú ilé wọn irú ariwo tó máa ń jáde nínú ilé náà. Mo máa tọrọ omi, mo sì máa wo irú ife tí wọ́n fi bù ú wá. Ìgbà kan wà tí mo dé ilé ọkùnrin kan ní Adéwọlé. Ilé dáa, mọ́tò dáa, ó ti pè mí ní Mọ́mì lẹ́ẹ̀mẹwàá kí n tó jókòó. Ìyá rẹ̀ wọlé, ó ti fẹsẹ̀ rìn bọ̀ nínú oòrùn, ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọmọ ò dìde. Mo jẹ ìrẹsì wọn, mo dúpẹ́, mo padà sílé, mo sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má fọmọ fún un.

Ẹ wá wo bí èmi yìí, tí mo máa ń yẹ ife omi wò kí n tó dúró fún ọmọ aráyé, ṣe dúró fún ààrẹ.

Ìdìbò tó kọjá ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà náà. Olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ òṣèlú ní wọ́ọ̀dù wa, Àlàájà kan tó ń gbé Adéwọlé, wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé iṣẹ́ híjáàbù aláwọ̀ ẹgbẹ́ wá. Ó ní àwọn obìnrin agboolé wa kì í jáde dìbò, ó ní ẹnu mi nìkan ni wọ́n máa gbọ́. Kí n sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Kì í ṣe híjáàbù ló dùn mọ́ mi, bó ṣe ní ẹnu mi nìkan ni. Mo sì fẹ́ràn ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ kí a dìbò fún náà. Mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò, mo ti rí fọ́tò rẹ̀ lára ògiri, ó ní ìyà máa tán. Mo gbà á gbọ́ bí èèyàn ṣe ń gba dókítà gbọ́.

Lọ́jọ́ Sunday mo lọ bá àwọn obìnrin náà. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí i mẹ́rìnlá, àti ìyàwó ilé àti ọmọ ilé. Àbúrò bàbá mi obìnrin wà láàárín wọn. Ìyá Ìsàlẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é, torí pé yàrá rẹ̀ ló kángun sí ìsàlẹ̀ agboolé. Ìkòkò amọ̀ ló ń mọ tà. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, apá rẹ̀ ṣì le, ojú rẹ̀ sì mú. Kò dìbò rí láyé rẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, kí n ka gbogbo ohun tí ọkùnrin náà ní òun máa ṣe. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí ní ohun tí wọ́n máa ń bi alárinà.

"Ṣé o mọ ọkùnrin yìí?"

Mo ní mo mọ̀ ọ́n.

"Ṣé o dúró fún un?"

Mo ní, "Mo dúró. Tí kò bá ṣe é, ẹ wá bá mi."

Wọ́n ní kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i. Lọ́jọ́ ìdìbò, wọn ò jẹ́ kí ọkọ̀ rìn, gbogbo wọn sì fẹsẹ̀ rìn jáde. Ìyá Ìsàlẹ̀ ló ṣíwájú, ó fi ọwọ́ kan di ọ̀pá mú, ó fi èkejì dì mí mú. Wọ́n tò nínú oòrùn títí àsìkò Àìlà fi kọjá, kò sẹ́ni tó kúrò lórí ìlà. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé mò ń kí àwọn tí mi ò mọ̀ rí. Tí mo bá rántí ìdùnnú yẹn báyìí, ó máa ń ṣe mí bí i kí n gbá ara mi létí.

Ọkùnrin náà wọlé. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni epo mọ́tò gbówó lórí, epo kì í sì í dá gun òkè. Mi ò ní ka ohun tí gbogbo èèyàn ti mọ̀. Tèmi ni mo máa sọ. Jẹ́nẹ́ ló ń gbé máṣíìnì mi torí pé iná kì í dúró. Nígbà tí apá mi ò ká epo jẹ́nẹ́ mọ́, mo lọ gbé máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ tí mo fi kọ́ṣẹ́ jáde, orúnkún mi ò sì tíì dárí jì mí. Ti Ìyá Ìsàlẹ̀ burú ju tèmi lọ. Ọkọ̀ ló ń kó igi tó fi ń sun ìkòkò wá láti oko. Ọkọ̀ sọ igi di ọ̀wọ́n, igi sọ ìkòkò di ọ̀wọ́n, àwọn tó ń rà á ní àwọn á máa lo ti àtijọ́ títí tó máa fi fọ́. Lọ́dún tó kọjá, ó jáwọ́. Obìnrin tó ti ń mọ ìkòkò láti kékeré wá ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà látàárọ̀, ó káwọ́ lé itan.

Àwọn obìnrin náà ò lọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Wọn ò bú ẹnikẹ́ni lórí rédíò. Èmi ni wọ́n wá bá.

Àwàdà ni mo pè é lákọ̀ọ́kọ́. Ìyàwó ilé kan wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó, ó ní, "Ìyá Onímáṣíìnì, ọkọ tí ẹ mú wá bá wa kì í gbé oúnjẹ sílẹ̀ o." Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi: gàrí, ọṣẹ, owó ọkọ̀ àwọn ọmọ lọ sí iléèwé, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ìyá rẹ̀ ń ṣẹ́ sí méjì kó lè pẹ́ nílẹ̀. Ó ní òun ti sọ fún alárinà, òun ń lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òmíràn dé, ẹjọ́ kan náà ló gbé wá. Ó wá di pé tí mo bá ti rí ọ̀kan nínú wọn lókèèrè, ọwọ́ mi á dúró lórí aṣọ.

Inú bí mi sí wọn. Kí ni wọ́n fẹ́ kí n ṣe? Ṣé èmi ni mò ń ta epo ni? Síbẹ̀, àmáánà, ohun ìfọkàntán, ni ẹnu alárinà, mi ò sì lè ṣe bí ẹni pé mi ò gbọ́. Mo lọ bá Àlàájà nílé rẹ̀ ní Adéwọlé. Mo ní kó bá mi sọ fún àwọn tó wà lókè pé ìyà ń jẹ àwọn tó dìbò fún wọn. Ó fún mi ní míníràlì tútù. Ó ní kí a ní sùúrù, ó ní àtúnṣe ló ń lọ lọ́wọ́, ó ní kí n má jẹ́ kí àwọn ọ̀tá lò mí. Mo bi í bóyá òun alára ti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lókè láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé.

Ó ní, "Èmi náà ń retí kí wọ́n pè mí ni, wàlàhí."

Ìgbà yẹn ni mo wò ó dáadáa. Obìnrin yìí náà ò mọ ẹnikẹ́ni. Ẹnìkan ló dúró fún ọkùnrin náà níwájú rẹ̀, ẹlòmíràn ló dúró níwájú ẹni yẹn, bẹ́ẹ̀ ló lọ títí dé Abuja, mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni nínú wa ti tọrọ omi nílé ọkùnrin náà rí. Ìbínú gbé mi jáde nílé rẹ̀ débi pé mo gbàgbé agboòrùn mi síbẹ̀. Mi ò padà lọ mú un.

Gbogbo ìyẹn ṣì ṣeé gbé mì. Èyí tí kò ṣeé gbé mì ni ti ọmọ àbúrò mi.

Àbúrò mi ọkùnrin ló ń gbé inú agboolé. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan gbé lọ́dọ̀ mi ní Basin fún bí ọdún mẹ́wàá, láti ìgbà tó ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì títí tó fi ń parí yunifásítì. Mọ́mì Basin ló ń pè mí. Mi ò bí obìnrin, òun ni ọmọbìnrin mi. Nígbà tó ní òun ti rí ẹni tí òun fẹ́, pé ọmọ Ọ̀fà ni, kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún mi pé iṣẹ́ ti dé. Mo ti yan ọjọ́ tí mo máa wọkọ̀ lọ sí Ọ̀fà. Mo ti mọ ohun tí mo máa bi àwọn aládùúgbò wọn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan lẹ́yìn ìrun, àbúrò mi wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó dọ̀bálẹ̀ ju bó ṣe máa ń dọ̀bálẹ̀ lọ.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Àwọn ìyá ilé ní kí ẹlòmíràn ṣe alárinà ọmọ yìí."

Mo ní, "Ta ni?"

Ó dárúkọ ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé, ọmọdé obìnrin tí kò tíì dúró fún yìgì kankan rí.

"Kí ni mo ṣe?"

Ó ń wo ilẹ̀. "Wọ́n ní ẹni tí ọ̀kan ti bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ dúró fún òmíràn títí tó fi máa yanjú èyí tó wà nílẹ̀. Ẹ̀yin gan-an lẹ kọ́ mi pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é nílé wa, Ẹ̀gbọ́n."

Òótọ́ ni, èmi ni mo kọ́ ọ. Mo bú u síbẹ̀. Mo bi í bóyá èmi ni mo bí ààrẹ. Mo ní gbogbo wọn ló ní ọwọ́, gbogbo wọn ló ní ojú, kò sẹ́ni tí mo fi okùn fà dé ibi ìdìbò. Mo pariwo débi pé ẹni tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wá yọjú. Nígbà tó lọ, mo jókòó, mo sì sunkún sórí híjáàbù oníhíjáàbù.

Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ kí n yanjú ọkọ tó wà ní Abuja? Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin mọ́kànlá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sùn síta, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni mo lọ jókòó sí láti Aláásárì títí tó fi dé. Ojú tì í, ó jáwọ́. Ẹnu ọ̀nà ta ni mo máa lọ jókòó sí ní Abuja? Wọ́n á bi mí pé ta ni mí, mo máa ní èmi ni alárinà, wọ́n á ní kí wọ́n gbé wèrè kúrò níbẹ̀. Àwọn ìyá ilé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú sí wọn nìyẹn. Wọ́n ní kí n lọ yanjú ohun tí wọ́n mọ̀ pé kò ní ìyanjú, wọ́n sì gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi títí dìgbà náà.

Yìgì ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí Àlàájà tún yọ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ìdìbò mìíràn ti ń sún mọ́lé. Lọ́tẹ̀ yìí, ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ kọ iye àwọn tó máa jáde láti agboolé kọ̀ọ̀kan, torí pé ẹ̀rù ti ń ba àwọn tó wà lókè. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ sílé wa lọ́jọ́ Sunday, kí n tún dúró níwájú àwọn obìnrin mi. Ó ní híjáàbù ti lọ́tẹ̀ yìí máa pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Mo ní mo gbọ́. Mi ò ní mo máa ṣe é, mi ò sì ní mi ò ní ṣe é. Mo rò ó ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Tí mo bá tún dúró, tí nǹkan sì wá dẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò, bóyá wọ́n á gbà pé kò bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Tí mo bá sì kọ̀, bóyá wọ́n á ní mo ti kọ́gbọ́n, kí wọ́n fún mi lọ́mọ mi. Gbogbo bí mo ṣe ń yí i sọ́tùn-ún sósì, ti ara mi ni mò ń rò. Mi ò rántí igi Ìyá Ìsàlẹ̀ rárá.

Lọ́jọ́ Sunday, àwọn obìnrin wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n kí Àlàájà dáadáa, wọ́n gbé àga fún un, wọ́n bu omi tútù fún un. Ìyá Ìsàlẹ̀ jókòó lórí ẹní, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Àbúrò mi wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ń gbọ́. Àlàájà sọ̀rọ̀, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó ní òun náà mọ̀ pé nǹkan le, òun náà ń rajà, ṣùgbọ́n sùúrù ni baba ìwà, ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló yẹ kó parí rẹ̀. Ó ṣí ìwé rẹ̀.

"Ẹ̀yin mélòó ni ká kọ sílẹ̀?"

Ẹnìkan ń gbọn eruku kúrò lára aṣọ ọmọ rẹ̀. Àlàájà yíjú sí mi, ó ní, "Ìyá Onímáṣíìnì, ẹ bá wa dúró."

Mo dìde. Mo ti há ọ̀rọ̀ méjì sórí, ọ̀kan fún bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀kan fún bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò sì rí ìkankan lò nínú wọn. Mo wo ọwọ́ Ìyá Ìsàlẹ̀. Ọwọ́ náà ti mọ́, kò sí amọ̀ lábẹ́ èékánná. Mi ò rí ọwọ́ yẹn láì sí amọ̀ níbẹ̀ rí láti kékeré mi. Mo kúnlẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, ẹ bi mí nígbà yẹn bóyá mo mọ ọkùnrin náà. Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Irọ́ ni mo pa fún yín. Mi ò dé ilé rẹ̀ rí. Mi ò mọ bó ṣe ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò mọ̀ mí, kò mọ ẹnikẹ́ni nínú yín. Mi ò dúró fún un mọ́. Mi ò sì dúró fún àwọn tó ń bá a du ipò náà, torí pé mi ò dé ilé tiwọn náà."

Àlàájà ní, "Haba, Ìyá Onímáṣíìnì, irú ọ̀rọ̀ wo lẹ ń sọ yìí?"

Mo yíjú sí i. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ dé ibẹ̀ rí?"

Ó wo ìwé rẹ̀. Mo padà wo Ìyá Ìsàlẹ̀, mò ń retí kó ní òun ti forí jì mí, tàbí kó lé mi jáde. Kò ṣe èyíkéyìí.

Ó ní, "Dìde. A mọ̀."

"Kí lẹ mọ̀, Ìyá?"

"Pé o ò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí o ti sọ ọ́ la ti mọ̀. Níbo lo ti fẹ́ mọ ààrẹ, ṣé ní Táíwò Road?"

Àwọn kan nínú wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ wá jáde?"

"Torí tìẹ ni. O ti lọ sọ fún àwọn ará ìta pé a máa wá. Tí a bá jókòó sílé, ìwọ lojú máa tì. Ọmọ wa ni ọ́. Ìwọ ni sàbàbí tí a fi fẹsẹ̀ rìn, a ò mọ ọkùnrin kankan."

Ìyàwó ilé tó kọ́kọ́ wá fẹjọ́ sùn ní ṣọ́ọ̀bù mi mi orí. Ó ní òun ò tilẹ̀ mọ orúkọ ẹgbẹ́ tí òun tẹ̀ka fún, pé èmi ni mo júwe àmì rẹ̀ fún òun.

Ohùn Àlàájà ti rẹlẹ̀ nígbà tó bèèrè tirẹ̀. "Lọ́tẹ̀ yìí ńkọ́, Ìyá? Ṣé ẹ máa jáde?"

Ìyá Ìsàlẹ̀ nawọ́ sí mi. "Òun ló ní òun ò dúró mọ́ yìí. Ta ni ká wá jáde fún?"

Àlàájà pa ìwé rẹ̀ dé láì kọ nǹkan kan. Wọ́n sìn ín dé títì, wọ́n ṣàdúà fún un, wọ́n sì padà wá jókòó. Èmi ṣì wà níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. Mo ti bínú sí ọkùnrin tó wà ní Abuja, mo ti bínú sí Àlàájà, mo ti bínú sí àwọn obìnrin wọ̀nyí pé wọ́n sọ mí di ẹlẹ́ṣẹ̀. Ohun tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ ìdìbò yẹn, èmi ni wọ́n fún, mo sì gbé e lọ fún ẹni tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun gbà á. Mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni rí bí mo ṣe bínú sí ara mi lọ́jọ́ Sunday náà.

Mo bi í ní ohun tó kù. Mo ní, "Ìyá, tí ẹ bá ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kí ló dé tí ẹ fi gba ọmọ lọ́wọ́ mi?"

Ó ní, "Ìjọba á lọ, òmíràn á dé, a máa fara dà á. Ọmọ yẹn ń lọ sílé ọkọ. O sọ pé o mọ ẹni tí o ò mọ̀, mo wo ojú rẹ, ojú rẹ ò yí padà. Tí o bá tún ṣe é, báwo la ṣe máa mọ̀?"

Mo wo àbúrò mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọ inú yàrá lọ.

Ìdìbò ò tíì dé bí mo ṣe ń kọ èyí. Mi ò tíì mọ̀ bóyá mo máa jáde, mi ò sì ní bi àwọn obìnrin ilé wa bóyá wọ́n máa jáde. Híjáàbù ẹgbẹ́ ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn.

Yìgì ti wáyé. Àwọn ará Ọ̀fà kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, èmi jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn ẹbí. Nígbà tí àfáà ní kí alárinà dìde, ẹsẹ̀ mi fẹ́ dìde fúnra rẹ̀, mo sì fọwọ́ tẹ orúnkún mi mọ́lẹ̀. Ìyàwó ilé kékeré yẹn ló dìde. Ó ní òun ti lọ sí Ọ̀fà lẹ́ẹ̀mẹta, òun ti bá ìyá ọkọ jẹun, òun sì dúró fún un. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bó ṣe ń sọ ọ́. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń wá ọjọ́ kan tí ohùn tèmi gbọ̀n nínú mọ́kànlá yẹn, àti lọ́jọ́ ti ààrẹ. Mi ò rí ọjọ́ kankan.